Fọ́ọ̀kì Iwájú Kẹ̀kẹ́ Lásárù

Obìnrin náà gbé fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń di táyà iwájú mú, sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì yọjú wo ihò ọrùn rẹ̀ bí ọdẹ tó ń wo ẹnu ìbọn. Gíríìsì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó we ìborùn aláwọ̀ ewé mọ́rí gírígírí, ó ká apá bùbá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì dúró lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Lásárù dúró. Kò kúkú fẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ ló kọ̀ fún un.

Ọdún 1997 nìyẹn, ní Ajégúnlẹ̀, ní àdúgbò tóóró kan lẹ́yìn ọjà Boundary. Lásárù ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ẹyin ló ń tà. Á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́, á gbé e lọ fún àwọn tó ń se oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ èbúté ní Àpápá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ lásán. Kẹ̀kẹ́ agunkè ni, tòkúnbọ̀ tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, táyà rẹ̀ sanra, irú èyí tí òyìnbó fi ń gun orí òkè nílùú wọn. Ṣùgbọ́n Lásárù kò gùn ún. Ó ń tì í ni. Pupa ẹyin ń kán tó, tó, tó láti inú apẹ̀rẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

Obìnrin náà gbé fọ́ọ̀kì kalẹ̀. Ó wo bàtà. Ó wo ojú ẹni tó ni bàtà.

“Ẹ kú ọjà o, bọ̀dá. Ṣé ẹ ti dín in kẹ́ ẹ tó gbé e jáde nílé ni?”

Lásárù ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ló jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn, “ẹ bá mi wo ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí.”

“Mà?” Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Èmi Ràbíátù? Bàbá, ẹ gbọ́ o, wọ́n ti ń pè mí ní mà!”

Bàbá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Bàbá Sùnmọ́nù ni, òun ló ni ṣẹ́ẹ̀dì, òun ló kọ́ Ràbíátù ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe kí ojú tó lọ.

“Tikẹ̀kẹ́ nìyẹn,” ni bàbá wí. “Mo ti ń gbọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì. Kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń wà kì í sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n bá ń fọwọ́ tì ló máa ń ké tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́ lẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ló ń ké kọjá níwájú mi.”

“Lazarus, you never rise?” Akpevwe oníbọ̀ọ̀lì kígbe láti ìdí iná rẹ̀. “Baba don catch you today!”

Ìtìjú bo Lásárù. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Tikẹ̀kẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà kan rí, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bí ẹja ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan ni táyà iwájú kó sí kòtò nítòsí ẹnu ọ̀nà èbúté, ó ṣubú dojú bolẹ̀, táyà tírélà sì kọjá létí rẹ̀ báyìí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń rún kíréètì ẹyin jẹ. Kò fara pa. Ẹ̀rù ló kù sí i lára. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ń sún mọ́ òpópónà tí tírélà ń gbà, á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á máa wo iwájú, á máa wo ẹ̀yìn. Nígbà tó bá fi dé Warehouse Road ní Àpápá, àwọn tó yẹ kó jẹ ẹyin láàárọ̀ ti jẹ ẹ̀wà wọn, wọ́n ti lọ.

Ràbíátù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Iwájú kẹ̀kẹ́ kò mì.

“Ẹ ò rí i? Fọ́ọ̀kì yín le bí ọkàn ọlọ́pàá. Gbogbo ìyà tí táyà bá jẹ nínú kòtò, tààrà ló ń gbé e fún ẹyin.” Ó gbé fọ́ọ̀kì tó ń wò lẹ́ẹ̀kan wá. “Ẹ wo èyí. Onísípíríǹgì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wọ inú ara wọn. Tó bá bá kòtò pàdé, á tẹ̀, á tún dìde. Tonbra ọlọ́kọ̀ ojú omi ló bá mi mú un wá láti Snake Island, lára kẹ̀kẹ́ kan tí àwọn atukọ̀ sọ nù. Mo kàn ń wá kẹ̀kẹ́ tó máa bá a mu.”

“Ṣé… ṣé ó máa bá tèmi mu?”

Ràbíátù wo kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo Lásárù, ìwò rẹ̀ sì pẹ́ díẹ̀ ju èyí tí kẹ̀kẹ́ gbà lọ.

“Ọrùn rẹ̀ ló gùn jù. Tí ẹ bá ní sùúrù, á bá a mu.”

Ta ló ní sùúrù tó Lásárù? Ìyẹn nìkan ló ní lọ́pọ̀. Bó bá ti tajà tán, ṣẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ. Ó ní òun wá wo iṣẹ́. Akpevwe ní irọ́ ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló wá wò. Ràbíátù sì mọ̀. Ó ń fún un ní nǹkan mú dání: sípánà, òòlù, agolo gíríìsì. Wọ́n jọ tú táyà iwájú sílẹ̀, wọ́n jọ tú bíréèkì, wọ́n fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yọ, fọ́ọ̀kì àtijọ́ sì bọ́ sílẹ̀ bí eyín àgbàlagbà.

“Ẹ má fọwọ́ líle kàn án,” Ràbíátù ń sọ nígbà tí Lásárù ń fi òòlù àti igi yọ òrùka irin kan lọ́rùn fọ́ọ̀kì àtijọ́. “Ẹ máa kàn án yí ká. Bí ẹni ń bẹ ìyàwó ilé tó ń bínú.”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti bẹ ẹnikẹ́ni.”

“Ó hàn. Ẹ ń kàn án bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn onígbèsè.”

Ó rẹ́rìn-ín. Lásárù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yà á lẹ́nu, bí ẹni tó rí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gé ọrùn fọ́ọ̀kì tuntun, Ràbíátù kò bá a ṣeré. Ó tì í bọ ọrùn kẹ̀kẹ́, ó fi ìṣó ha àmì sí i, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó tún wò ó. “Tí ó bá gùn jù, mo ṣì lè tún un gé. Tí mo bá gé e kúrú, ó ti di ti oníirin àlòkù nìyẹn. Ẹ dì í mú fún mi. Ẹ má jẹ́ kó mì.”

Lásárù di irin mú. Ayùn ń lọ, ó ń bọ̀. Ọwọ́ Ràbíátù ń kan ọwọ́ rẹ̀ nínú gíríìsì, kò sì sí ẹni tó fa tirẹ̀ sẹ́yìn nínú wọn.

“Mo lọ ilé ọkọ rí,” Ràbíátù sọ láìgbójú sókè. “Ó ní òórùn epo wà lára mi. Ó ní kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ kí n máa ta ìpara. Mo di ẹrù mi.”

“Òórùn epo yẹn,” Lásárù ní. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. “Òun ni mo ń gbọ́ tí mo bá ti yọ ní kọ̀rọ̀ yẹn, tí ara mi á balẹ̀.”

Ayùn dúró. Ràbíátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, gíríìsì tún pọ̀ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀dá Lásárù, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ báyìí, ẹ wá ń pè mí ní mà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fún un láyà. Ó lọ bá Bàbá Sùnmọ́nù lórí bẹ́ǹṣì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú bàbá kò ríran.

“Dìde,” ni bàbá wí. “Mo ti mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ìyá Ràbíátù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìkòkò kan náà la fi se ọbẹ̀. Ìró tẹ́-tẹ́-tẹ́ yẹn ló ń dùn mí. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbé ọmọ mi dé ibì kankan? Ọjọ́ tó o bá gùn ún dé Àpápá, tó o sì gùn ún padà, wá bá mi.”

Lásárù ní òun ti gbọ́.

Wọ́n to fọ́ọ̀kì tuntun tán. Ràbíátù fi gíríìsì to bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sínú àwo wọn, ó di nọ́ọ̀tì orí ọrùn títí tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fi ń yí wẹ́rẹ́ láìgbọ̀n. Iwájú kẹ̀kẹ́ wá ga díẹ̀, bí ẹni tó gbórí sókè. Ó ku àṣà kan. Ní ṣẹ́ẹ̀dì Bàbá Sùnmọ́nù, ẹni tó bá to kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sórí káríà ẹ̀yìn, ẹni tó ni ín ni yóò wà á. Bí iṣẹ́ ọ̀hún ò bá dára, kí àwọn méjèèjì jọ ṣubú.

Ràbíátù ti di ìró rẹ̀ mú. Ó fẹ́ gùn ún.

“Rárá,” Lásárù yára sọ. “Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ènìyàn á máa sọ̀sọkúsọ.”

Ràbíátù wò ó. “Ṣé ẹnu ènìyàn lẹ wá ń bẹ̀rù báyìí?” Ṣùgbọ́n kò fi ipá mú un.

Kì í ṣe ẹnu ènìyàn. Ẹ̀mí obìnrin yìí lẹ́yìn òun, lójú ọ̀nà tírélà, ni Lásárù kò lè gbé. Nígbà tó sì dé kọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ò rí i, ó fọwọ́ tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wò. Iwájú kẹ̀kẹ́ rì sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ bá a rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ràbíátù ti sọ fún un pé á tẹ̀. Ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré, kò rí fọ́ọ̀kì tó ń tẹ̀ rí àfi èyí tó fẹ́ dá. Ohun tó bá ń tẹ̀, ó fẹ́ ṣẹ́ ni, bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó wá rọ́bà tíúbù àtijọ́, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi de ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì pinpin láti òkè délẹ̀, bí a ṣe ń de ẹrù mọ́ káríà. Ó tún un tẹ̀. Kò mì mọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì dé ojú ọ̀nà tírélà rárá tó fi bá kòtò àkọ́kọ́ pàdé. Ó gbọ́ ọ nínú apẹ̀rẹ̀: kà!

Màdáàmù Eucharia, oníbùkátéríà Warehouse Road tó ń ra ọjà rẹ̀ jù, ṣí ìdérí kíréètì wò, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Lazarus, abeg! Ṣé ojú títì lo ti ń dín ẹyin fún mi ni? Mo gbọ́ pé o ti ra fọ́ọ̀kì òyìnbó. Ẹyin òyìnbó wá dà? Tó bá tún fọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọwọ́ onímọ́tò ni n ó ti máa rà á.”

Lójú ọ̀nà padà, Lásárù tú rọ́bà náà, ó fi í sápò. Ẹ̀rù pé Ràbíátù á rí i ló jẹ́ kó ṣe é, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe ohun gbogbo. Nígbà tó fi dé ṣẹ́ẹ̀dì, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Ràbíátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ọkùnrin kan tó wá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sọ pé òun kò fi sílẹ̀ mọ́, pé iṣẹ́ irin kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin.

“Mo wọ̀n ọ́n, Bàbá,” Ràbíátù ń sọ. “Mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Mi ò mọ ohun tí mo ṣì ṣe.”

“Èmi náà ò lè wò ó fún ọ,” ni Bàbá Sùnmọ́nù wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Bóyá ó tó àkókò kí n yọ̀ǹda ṣẹ́ẹ̀dì yìí fún ẹni tó fẹ́ ẹ, ọmọ mi.”

Ràbíátù gbójú sókè, ó rí Lásárù. Kò bínú sí i. Ìyẹn ló burú jù. “Ẹ má bínú, Bọ̀dá Lásárù. Mo ba ọjà yín jẹ́.”

Lásárù yí kẹ̀kẹ́ padà, ó ń tì í lọ. Tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́. Ó gbọ́ ọ. Ó kọjá lára Akpevwe, Akpevwe kò pè é, kò fi í ṣeré. Tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́. Bí ó bá sọ ọ́, gbogbo Ajégúnlẹ̀ á mọ̀ pé ojo ni òun, kò sì ní rí Ràbíátù fẹ́. Bí kò bá sọ ọ́, Ràbíátù á máa jókòó síwájú irinṣẹ́ rẹ̀ báyìí títí ayé.

Ó dúró. Ó sì yí padà.

Ó lọ tààrà bá Bàbá Sùnmọ́nù, ó yọ rọ́bà nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Bàbá fọwọ́ tọ́ ọ wò. “Rọ́bà tíúbù. Ó ṣì ká bí ohun tí wọ́n fi de nǹkan. Kí ló dè?”

“Fọ́ọ̀kì tí Ràbíátù tò. Èmi ni mo dè é.” Ó sọ ọ́ sókè, ọkùnrin tó wá gbé kẹ̀kẹ́ sì gbọ́, Akpevwe sì gbọ́. “Kò sí ohun tó ṣì ṣe. Mo rí i tó ń tẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo dè é mọ́lẹ̀. Èmi ni mo fọ́ ẹyin ara mi. Mo tún dákẹ́.”

Ràbíátù dìde.

“Ẹ wá jẹ́ kí n jókòó níbí! Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Kí Bàbá mi fẹ́ yọ̀ǹda ṣẹ́ẹ̀dì!” Ó gba rọ́bà náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó mì í níwájú Lásárù. “Kó lè tẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, Lásárù! Èyí tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ ló ń ṣẹ́. Èyí ń tẹ̀, á sì dìde!”

“Like im oga,” Akpevwe sọ jẹ́jẹ́.

Ràbíátù gbìyànjú láti máa bínú lọ. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín ti ń fa ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Sùnmọ́nù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín síta.

“Ojo kì í mú ìtìjú ara rẹ̀ wá sí gbangba,” ni bàbá wí. “Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi. Dé Àpápá, kó o sì padà.”

“Ẹ lọ gbé ẹyin wá,” Ràbíátù sọ fún Lásárù. “Lónìí yìí. Èmi ni mo tò ó, èmi ni mo ń jókòó sẹ́yìn. Kò sí ẹjọ́.”

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn: ẹyin níwájú, Ràbíátù lẹ́yìn, Lásárù láàárín, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Kòtò àkọ́kọ́ dé, èyí tó fọ́ ẹyin láàárọ̀. Fọ́ọ̀kì tẹ̀, ó dìde. Apẹ̀rẹ̀ kò ké. Kòtò kejì dé. Fọ́ọ̀kì tún tẹ̀, ó dìde, bí ẹni tó ń kí àgbà, tó sì ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Lásárù bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Wọ́n dé ojú ọ̀nà tírélà. Àwọn táńkà to lọ títí, èéfín dúdú, ìwo ọkọ̀ ń dún. Wọ́n dé ibi tó ṣubú sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kúrò lórí pẹ́dà.

“Ẹ má sọ̀ kalẹ̀,” ni ohùn Ràbíátù wí létí rẹ̀. Ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú níbi ìbàdí. “Ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rù ò bà mí. Kí ló wá ń ba ẹ̀yin?”

Ó wa pẹ́dà. Tírélà kọjá, ilẹ̀ mì, fọ́ọ̀kì gba ilẹ̀ tó ń mì mọ́ra. Wọ́n ti kọjá ibẹ̀! Lásárù fẹ́ kígbe.

“Ràbí! Tá a bá dúró, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ bi ọ́!”

“Ẹ bi mí nísinsìnyí! Tí táńkà bá gbá wa, ta ni mo fẹ́ dáhùn fún?”

“Ṣé wàá fẹ́ mi?”

Táńkà kan fun ìwo.

“Ẹ máa wo iwájú!”

“Mo ní ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Mo ti gbọ́! Mo ti gbà! Ẹ máa wo iwájú, olówó orí mi!”

Màdáàmù Eucharia ṣí kíréètì tòkè. Ó ṣí tìsàlẹ̀. Ó gbé ẹyin kan sókè, ó yí i, ó wá ibi tó sán, kò rí i. Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun.

“Ẹ wá wò ó! Kò sí ọ̀kan tó fọ́! Lazarus, ta ni obìnrin yìí?”

“Ẹni tó to fọ́ọ̀kì mi ni,” Lásárù ní. Ó wo Ràbíátù. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo ẹ̀gbẹ́. “Ìyàwó mi ni.”

Àwọn òṣìṣẹ́ lu tábìlì gbàgà-gbàgà. Ràbíátù fi ìborùn bo ojú, gíríìsì kan ìborùn náà.

Ní Ajégúnlẹ̀, Bàbá Sùnmọ́nù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó dẹ etí sí ọ̀nà. Ó gbọ́ iná Akpevwe tó ń ta pàràpàrà. Ó gbọ́ ọkọ̀, ó gbọ́ ènìyàn. Kò gbọ́ tẹ́-tẹ́-tẹ́ kankan. Ó ń dúró nígbà tí aago kẹ̀kẹ́ dún kìrín-kìrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.

Bàbá fò sókè. “Ta nìyẹn?”

“Àwa ni, Bàbá,” ohùn méjì dáhùn pọ̀.

“Mi ò gbọ́ yín nígbà tí ẹ ń bọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni Lásárù wí.

Bàbá Sùnmọ́nù na ọwọ́. Ó wá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí ó fi rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Iwájú kẹ̀kẹ́ rì jẹ́jẹ́, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sókè. Ó tún un tẹ̀. Ó wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé ti Lásárù.

“Gíríìsì ọwọ́ ọmọ mi kì í fọ̀ tán o. Mo ti kìlọ̀ fún ọ.”

“Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Ojú bàbá tí kò ríran kún fún omi. Ó tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó dẹ etí sí òpópónà.

“Ẹ tún lọ, kẹ́ ẹ tún padà wá,” ó ní. “Mo tún fẹ́ má gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i.”